Iná Méjì Tó Ń Tẹ̀lé Ara Wọn

Iṣẹ́ gíláàsì ni mò ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ní fi ìtìjú bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń gé gíláàsì ò pọ̀ ní agbègbè wa, láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Ìgàndó, àwọn ọkùnrin tó sì wà nídìí iṣẹ́ náà máa ń ránṣẹ́ pè mí tí gíláàsì tó nípọn bá ti fẹ́ já wọn láyà. Bàbá mi tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ mi. Wọn ò bí ọmọkùnrin tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n tí mo bá ti iléèwé dé, nígbà tí mo sì fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta girama, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo gbà lọ tààrà.

Kì í ṣe gígé ni bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Wọ́n ṣá ìṣáná, wọ́n gbé e síwájú gíláàsì kan tó fara ti ògiri, wọ́n ní kí n ka iye iná tí mo rí nínú rẹ̀. Mo ní ọ̀kan ni. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tẹjú mọ́ ọn, ni mo bá rí i pé méjì ni, ìkejì kàn sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ ni. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé gíláàsì ní ojú méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá iná padà. Tí mo bá rí iná mẹ́rin, gíláàsì méjì ló wà níbẹ̀, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ ń fi Kùránì búra pé ọ̀kan ni. Bàbá mi máa ń sọ pé gíláàsì kì í purọ́, àwa tí à ń wò ó ni a kì í kà á parí.

Torí náà, nígbà tí àwọn ará ìlà ṣọ́ọ̀bù wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò élíẹ̀nì ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀rọ̀ náà ò bá mi lára mu. Àwọn onímọ̀ kan ti kọ́ ilé ńlá sójú òfurufú, ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, ó sì ń yí ayé po tọ̀sán-tòru. Kámẹ́rà wà lára ilé náà tó ń fi ayé hàn wá láti òkè. Inú àwòrán kámẹ́rà yẹn ni wọ́n ní àwọn ti ń rí ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn. Nǹkan funfun kan á kọjá, ọkùnrin kan á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ gbé, á fa ilà pupa yí nǹkan náà ká, ó di élíẹ̀nì nìyẹn. Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi gbà á gbọ́ ju bó ṣe gbà pé ọjọ́ Ajé ló ń tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú lọ.

"Ìyá Gíláàsì, ẹ wá wò ó! Wọ́n tún ti gé e o! Bí nǹkan yẹn ṣe yọjú báyìí ni wọ́n ti kámẹ́rà pa. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́ fún wa gan-an?"

"Àbí nẹ́tíwọ̀kì ló lọ?"

"Nẹ́tíwọ̀kì kẹ̀! Àwọn òyìnbó yẹn? Ẹ gbàgbé jàre."

Mo máa ń tètè bínú, mo mọ̀. Ohun tó sì tètè ń bí mi nínú jù ni kí ènìyàn sọ pé òun mọ ohun tí kò yẹ̀ wò. Àmọ́ èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò nígbà yẹn. Mo kàn ń pariwo mọ́ wẹ́dà bí òun náà ṣe ń pariwo mọ́ mi ni, ariwo méjì ò sì lè di ọgbọ́n kan.

Màmá Tíṣà ló yọ mí nínú rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, tíṣà sáyẹ́ǹsì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ wọn ti kú, àwọn nìkan ló ń dá gbé nínú fúláàtì wọn ní Ẹ́sítéètì Gowon. Wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan tó ń bú ramúramù lábẹ́ fèrèsé wọn. Wọ́n béèrè bóyá gíláàsì lè dá ariwo dúró. Mo ní gíláàsì kan ò lè dá a dúró, ṣùgbọ́n méjì tó ní àlàfo láàrin lè dín in kù.

"Ó dáa," Màmá sọ. "Ṣùgbọ́n má yọ èyí tó wà níbẹ̀ o. Ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í síbẹ̀ lọ́dún tí a kó wọlé. Iwájú rẹ̀ ni kóo fi tuntun sí."

Mo ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Igi férémù náà ti jẹ díẹ̀ lápá òkè, gíláàsì tuntun ò sì fẹ́ jókòó. Nínú iṣẹ́ wa, tí gíláàsì bá ń mì, sílípáàsì rọ́bà tó ti gbó la máa ń gé pèlébé-pèlébé fi há a. Kò sí oní-gíláàsì kan ní Èkó tí kò ní sílípáàsì gígé nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ní òun ò ní, irọ́ ló ń pa. Mo fi ẹyọ kan sáàrin gíláàsì méjèèjì nísàlẹ̀, mo fi méjì papọ̀ sókè, ó dúró gbagidi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ wá ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń kùn nínú oorun. Màmá ṣàdúrà fún mi, mo sì ròyìn iṣẹ́ náà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́ yẹn ni mo rí táblẹ́ẹ̀tì kan lórí tábìlì wọn, èyí tí ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo rà fún wọn. Ayé ló wà lójú rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ó ń yí lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwòrán kámẹ́rà ojú òfurufú yẹn náà ni.

"Háà, Màmá," mo ní, "ẹ̀yin náà?"

Wọ́n wò mí láti orí awò ojú wọn. "Èmi náà kí ni?"

"Élíẹ̀nì."

"Mi ò tíì rí élíẹ̀nì kankan. Kámẹ́rà ni mò ń wò. Jókòó."

Bí ẹ̀kọ́ mi ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, tí mo bá ti kírun Àyìlá tán, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, n ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ẹ́sítéètì. Mo máa ń mú fídíò tí wẹ́dà fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yẹn dání, èmi àti Màmá á sì jọ tú u palẹ̀. Wọ́n ní ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, àti báírò pupa kan. Tí mo bá sọ ohun tí mo rò pé fídíò kan jẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fún mi ní máàkì. Àgbàlagbà bí èmi, tó ti ní ọmọ méjì ní yunifásítì, máàkì ń gbà. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ gígé tí wẹ́dà ń pariwo rẹ̀ sí mi létí la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lóòótọ́ ni àwòrán náà máa ń lọ lójijì, gbogbo ojú rẹ̀ á sì di búlúù. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá lọ: kí ló wà níbẹ̀ kó tó lọ? Ojú ìwé náà kún fún ìlà kan náà: kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, ìkùukùu nìkan, kò sí nǹkan. Ìgbà tí nǹkan funfun kọjá kó tó lọ ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ilé náà ń sáré yí ayé po ni, ó sì ní ibi tó máa ń dé tí ohun tó ń gbé àwòrán rẹ̀ wá sílẹ̀ ò ti ní bá a mọ́, gẹ́gẹ́ bí fóònù tèmi náà ṣe máa ń gé ní ibì kan báyìí tí mo bá ń ti Ìkọ̀tún lọ sí Ìgàndó. Ẹni tó bá ń wo fídíò élíẹ̀nì nìkan, ìgbà tí nǹkan kọjá nìkan ni wọ́n máa fi hàn án. Mo gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn nǹkan funfun kéékèèké tó máa ń fò, tí wọ́n á ṣẹ́rí padà lójijì bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ìyẹn ò le fún mi rárá. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù, tí oòrùn àárọ̀ bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé tí mò ń ha etí gíláàsì. Eruku á máa tàn yanranyanran níwájú ojú mi, ẹni tó bá dúró lókèèrè á rò pé nǹkan ńlá ni. Màmá ní òótọ́ ni: yìnyín wẹ́wẹ́ àti èèpo ọ̀dà ló ń já lára ilé náà, ẹ̀bá kámẹ́rà ni wọ́n wà, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Tí ilé náà bá tu afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde láti fi tún ìdúró rẹ̀ ṣe, afẹ́fẹ́ yẹn á gbá wọn, wọ́n á yí padà. Mẹ́sàn-án ni mo gbà fún ti eruku gíláàsì. Nǹkan ribiti pẹlẹbẹ tó ń yọ láti etí ayé, tí wẹ́dà ní ìlú àwọn élíẹ̀nì ni, Màmá kàn rẹ́rìn-ín ni. Òṣùpá ni. Afẹ́fẹ́ ayé ló tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sí wa lójú bẹ́ẹ̀.

Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ títí fídíò iná méjì fi dé. Iná funfun méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Ayé ń yí lọ lábẹ́ wọn, òkun ń kọjá, aṣálẹ̀ ń kọjá, àwọn iná náà ò kúrò lójú kan. Láàrin fídíò náà, àwọn méjèèjì kú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tún tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í ṣe yìnyín, wọn kì í sì í ṣe òṣùpá. Màmá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n wá fi báírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Kò tíì yé mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn ju gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ní Alímòṣọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, èmi pàápàá ò lè sọ ọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní, "Mo rí irú rẹ̀ lójú fèrèsé mi."

"Bàálù ni, Màmá. Ìkẹjà ni wọ́n ń lọ."

"Bàálù kì í dúró lójú kan."

"Ìràwọ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ, mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìràwọ̀."

"Ó lè jẹ́ iná yàrá yín ló ń hàn nínú gíláàsì."

"Mo máa ń paná yàrá kí n tó wò ó. Mo sì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ní ó dáa, a ó wò ó, mo bá yí ọ̀rọ̀ padà sí fídíò. Ọ̀sán ni, kò sí ohun tí fèrèsé náà ń fi hàn ju táǹkì omi aládùúgbò lọ. Mi ò dìde lọ fọwọ́ kàn án. Gíláàsì tí èmi fi ọwọ́ ara mi sí? Kí ni mo fẹ́ lọ wá lára rẹ̀?

Màmá ò fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ wọn tó ń gbé ní Ìbàdàn. Wọ́n sọ fún un lórí fóònù pé iná méjì máa ń dúró lójú fèrèsé àwọn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, irú èyí tó wà nínú fídíò tí wọ́n ń pè ní élíẹ̀nì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn nìkan ni ọmọ náà gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni Màmá pè mí.

"Ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la. Ó fẹ́ kó mi lọ sí Ìbàdàn. Ó ní ara mi ò yá, pé kí n má dá gbé mọ́."

"Ẹ sọ fún un pé ara yín yá!"

"Mo sọ ọ́. Ta ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n bá ti pè bẹ́ẹ̀ gbọ́? Tí mo bá fi ilé yìí sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn, ọmọ mi, mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́."

Obìnrin tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ "kò sí nǹkan" sínú ìwé nítorí kó má baà purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n fẹ́ pè ní ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Inú bí mi, ẹ̀rù sì tún bà mí.

Nígbà tí mo débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àpótí méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá wà lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ wọn lórí ìwé. Ọmọ wọn, tó jẹ́ bí ẹgbẹ́ mi, kí mi dáadáa. Mo fẹ́ kó jẹ́ ènìyàn burúkú kí n lè bá a jà, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún nínú mọ́tò.

"Màdáámù, ẹ ṣé o. Màmá máa ń sọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n fámílì mátà nìyí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò wá jà, sà. Ẹ kàn jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú díẹ̀ ni. Tí ẹ bá ti rí i, kẹ́ ẹ máa lọ."

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Iná ìjọba lọ, gbogbo ẹ́sítéètì kùn "úù" lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá na ìka sí fèrèsé. "Méjì nìyẹn," wọ́n ní.

Ọmọ wọn dúró lẹ́yìn àga, ó wo fèrèsé, ó wò mí. "Mi ò rí nǹkan kan," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Èmi náà dúró, èmi náà ò rí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé gíláàsì ní ibi tí a ti ń wò ó.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dìde díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó síbẹ̀."

Ó jókòó. Ó gbé orí sílẹ̀ bí ti ìyá rẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, mo rí i. Méjì ni."

Mo gba ìwé. Ọjọ́ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú aago. Ọjọ́ kìíní, méjì. Ọjọ́ kejì, méjì. Ọjọ́ kẹrin, kò sí. Ọjọ́ kẹsàn-án, kò sí. Màmá kì í kọ nǹkan kan ṣoṣo, tíṣà ni wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ti kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí àti bóyá iná ìjọba wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kẹrin: iná wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án: iná wà. Ní gbogbo ọjọ́ yòókù, iná ti lọ.

"Kí ló wà nílé yìí," mo béèrè, "tó jẹ́ pé ìgbà tí iná bá lọ nìkan ló ń tàn?"

Ọmọ wọn ló kọ́kọ́ yíjú sẹ́yìn. Ìnfátà tí òun fúnra rẹ̀ rà fún ìyá rẹ̀ wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìlẹ̀kùn yàrá sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Iná kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń tàn tó bá ti ń lo bátìrì. Mo tú ìborùn mi, mo fi bò ó.

"Wọ́n ti lọ!" Màmá pariwo, wọ́n ti padà sórí àga wọn. Mo ṣí i. "Wọ́n ti dé!" Mo tún bò ó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n gbé táblẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá fídíò iná méjì yẹn síta, wọ́n dá a dúró síbi tí àwọn iná náà ti kú lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹnì kan kọjá níwájú iná," wọ́n ní. "Inú ilé ni iná náà wà! Ojú fèrèsé ni wọ́n ti yà á, ènìyàn kan kọjá lẹ́yìn kámẹ́rà, kì í ṣe ohunkóhun lóde." Gíláàsì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara ló wà lára fèrèsé ilé ojú òfurufú yẹn, bíi tiwa. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wẹ́dà ní ọjọ́ Ajé, ó ní, "Ó dáa, ìyẹn ti yé mi. Èyí wá ńkọ́?" ó sì na fídíò mìíràn sí mi.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Màmá sún mọ́ fèrèsé, ó fi èékánná kan gíláàsì náà.

"Àṣé gíláàsì Dádì ló ń sọ iná kan di méjì. Ó ti gbó. Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ, Màmá. Fèrèsé gbó, wáyà gbó, ilé fúnra rẹ̀ ti gbó. Kì í ṣe ilé tí ẹ lè máa dá gbé. Ẹ jẹ́ ká lọ, n ó ní kí wọ́n wá yọ gíláàsì yẹn dànù."

Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá. Wọ́n kàn ń wo gíláàsì ọkọ wọn bí ẹni tí wọ́n ní kó dágbére.

Mo yọ ìṣáná nínú àpò irinṣẹ́ mi, mo ṣá a, mo gbé e síwájú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú mi fi bá àga Màmá dọ́gba. Iná mẹ́rin. Méjì so mọ́ra wọn lókè, méjì so mọ́ra wọn nísàlẹ̀, àlàfo ńlá wà láàrin. Gíláàsì méjì tó bá dúró dọ́gba kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti fì. Mo gbé okùn ìwọ̀n tó ní irin wúwo nídìí lé ti ọkọ Màmá, ó dúró ṣánṣán bí ọjọ́ tó fi í síbẹ̀. Mo gbé e lé tèmi.

Mo lè dákẹ́. Kò sí ẹnì kankan nínú yàrá yẹn tó mọ ohun tí mo rí. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀: èmi tí mò ń fi fídíò gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá arúgbó ní òun rí nǹkan nínú gíláàsì tí mo fi sí, mo ní bàálù ni. Mo wo àpótí méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ń tì mí dé egungun.

"Gíláàsì Dádì yín ò ní àbùkù," mo ní. "Tèmi ló fì. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ọmọ wọn yíjú sí mi. "Báwo?"

Mo yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó di gíláàsì mi mú, mo sọ gíláàsì náà kalẹ̀, mo yọ sílípáàsì gígé tó wà láàrin jáde, mo tò wọ́n sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ẹyọ kan tìsàlẹ̀, méjì tòkè. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ní àmì àtàǹpàkò ẹni tó wọ̀ ọ́ gbó.

"Ìsàlẹ̀ tinrin, òkè nípọn, ló ṣe fì," mo ní. "Tó bá dúró dọ́gba, àwọn iná náà ì bá fara mọ́ra, Màmá ì bá má rí wọn ní méjì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n sì kọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú gbogbo wa, àwọn nìkan ni ò ṣe àṣìṣe."

Ó mú sílípáàsì kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. Mo gé igi pèlébé kan fi dí ibi tí férémù ti jẹ, mo fi ẹyọ kan há òkè, ẹyọ kan há ìsàlẹ̀, mo gbé gíláàsì mi padà, mo fi okùn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo nù ún mọ́ tán. Mo ṣí ìborùn mi kúrò lára ìnfátà.

Màmá gbé orí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ọ̀kan," wọ́n ní.

Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n kọ ọ́: Ọjọ́ kejìlá, ọ̀kan. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ orúkọ tiwọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rí i. Wọ́n tún kọ "Ẹni tó tú u," wọ́n fa ilà sí iwájú rẹ̀, wọ́n na báírò pupa sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní kíláàsì kẹta, mi ò kọ orúkọ mi sínú ìwé iléèwé mọ́. Ọwọ́ mi ò sì yá, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ títí dé ìparí. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú, orúkọ ọmọ oní-gíláàsì Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìwé tíṣà sáyẹ́ǹsì. Ká ní bàbá mi wà láyé, ǹ bá ya ojú ìwé yẹn lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn.

Màmá gba báírò padà, wọ́n fi máàkì sí i. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

"Màmá! Kí ló gbé ọ̀kan yòókù lọ?"

"Mo ti wí fún ọ lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá," wọ́n ní. "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn lo jókòó sí. O ò yíjú wò ó."

Mo gba mẹ́sàn-án mi. Lẹ́yìn wa, ọmọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpótí àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń gbé e padà sí yàrá ìyá rẹ̀.